Ọmọ Tẹ́tẹ́ Kì í Ṣe Owó: Ìtàn Ète nínú Ìdíje Póókà Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Nínú ayò ọlọ́pọ́n, ọmọ 48 ni ó wà nínú ihò 12, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà tí a bá ti da ọmọ sójú ọpọ́n títí di ìgbà tí ọ̀ta yóò fi jẹ òpè tán, ọmọ kan kò níye lórí ju èkejì lọ. Ọmọ tí a jẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ọmọ tí a jẹ ní ìparí, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú ẹni tí ń kà á. Ẹni tí ó bá fi ojú yìí wo ìdíje póókà yóò ṣìnà, nítorí pé nínú ìdíje náà, iye tí ọmọ kan tó a máa yí padà láti wákàtí dé wákàtí, àti láti ọwọ́ ẹnì kan dé ọwọ́ ẹlòmíràn. Bí àwọn ènìyàn ṣe fura sí ìyàtọ̀ yìí, tí wọ́n ṣírò rẹ̀, tí wọ́n sì sọ ọ́ di ìmọ̀ tí à ń kọ́ ni ìtàn ète nínú ìdíje póókà. Ilé tẹ́tẹ́ ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó ti dàgbà.

Kí ọ̀rọ̀ tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a ṣàlàyé eré náà fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Káàdì 52 ni à ń fi ta póókà. Nínú irú èyí tí ó gbajúmọ̀ jù lọ, tí à ń pè ní Texas Hold'em, káàdì méjì ni à ń pín fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìkọ̀kọ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó ṣí márùn-ún sí àárín tábìlì fún ìlò gbogbo ènìyàn: mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn náà ọ̀kan, lẹ́yìn náà ọ̀kan sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni àyè wà láti fi owó lélẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè jáwọ́, ẹni tí ó bá sì fẹ́ lè bu owó sí i. Ẹni tí ó bá ní káàdì tí ó dára jù ni ó ń kó owó àárín, tàbí ẹni tí ó ṣẹ́ kù nígbà tí gbogbo àwọn yòókù bá ti jáwọ́. Ibi tí póókà ti yàtọ̀ sí ayò nìyí: ọpọ́n ayò wà lójú gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n káàdì ọmọnìkejì pamọ́. Nítorí náà ni ìhalẹ̀ fi jẹ́ apá kan eré náà. Ẹni tí káàdì rẹ̀ kò níláárí lè fi owó ńlá dẹ́rù ba ẹni tí tirẹ̀ dára.

Ọ̀nà méjì ni à ń gbà ta á. Nínú èkíní, owó gidi ni ó wà lórí tábìlì. Ẹni tí ó bá ní 100 dọ́là níwájú lè dìde nígbàkúùgbà, kí ó sì kó 100 dọ́là rẹ̀ lọ. Èkejì ni ìdíje. Nínú ìdíje, gbogbo ènìyàn a san iye kan náà láti wọlé, a ó sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní àmì róbótó-róbótó tí iye wọn dọ́gba. Àwọn àmì wọ̀nyí ni a ó máa pè ní ọmọ tẹ́tẹ́, gẹ́gẹ́ bí à ti ń sọ̀rọ̀ ọmọ ayò. Kí a tó pín káàdì nígbà kọ̀ọ̀kan, àwọn ènìyàn méjì gbọ́dọ̀ fi iye kan sílẹ̀ ní dandan. Bí àkókò bá sì ti ń lọ ni iye dandan yìí ń ga sí i, kí ìdíje má baà pẹ́ títí. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá tán ti jáde nìyẹn. Kò sí ẹni tí ó lè dìde láàárín ìdíje kí ó gbé ọmọ rẹ̀ lọ pààrọ̀ owó. Ipò tí ó wà nígbà tí ó jáde nìkan ni ó ń sọ ohun tí yóò gbà.

Ọdún tí ọmọ àti owó pínyà

Ìlú Las Vegas ní ìpínlẹ̀ Nevada, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ìdíje póókà ti kọ́kọ́ gba òkìkí. Ní ọdún 1970, Benny Binion, ẹni tí ó ni ilé tẹ́tẹ́ Horseshoe, pe àwọn ọ̀ta póókà jọ sí ilé rẹ̀. Ìbò ni wọ́n fi yan Johnny Moss ní ọ̀gá wọn ní ọdún náà. Ní 1971 ni wọ́n sọ ọ́ di ìdíje ní tòótọ́: ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá tán a jáde, títí ẹnì kan ṣoṣo yóò fi kù. Moss náà ni ó tún borí. Òfin ìgbà náà ni pé ẹni tí ó bá borí ni yóò kó gbogbo owó. Lábẹ́ irú òfin bẹ́ẹ̀, ọmọ tẹ́tẹ́ àti owó kò jìnnà sí ara wọn. Bí ọgbọ́n àwọn tí ń ta bá dọ́gba, ẹni tí ìdajì ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní àǹfààní ìdajì láti kó gbogbo owó, ẹni tí ìdámẹ́rin wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì ní àǹfààní ìdámẹ́rin. Ìgboyà ni ó yẹ irú ìdíje bẹ́ẹ̀, nítorí pé ipò kejì àti ipò ìkẹyìn kò yàtọ̀ sí ara wọn.

Ní ọdún 1978 ni nǹkan yí padà. Ènìyàn 42 ni ó san 10,000 dọ́là lọ́kọ̀ọ̀kan láti wọ ìdíje ńlá ti ọdún náà. Bobby Baldwin ni ó borí, ṣùgbọ́n kò kó gbogbo 420,000 dọ́là lọ. Ìdajì rẹ̀, èyí tí í ṣe 210,000, ni wọ́n fún un, àwọn tí ó tẹ̀lé e sì pín ìyókù. Ó lè dàbí ẹni pé ọ̀ràn àánú lásán ni èyí, kí ẹni tí ó ṣe ipò kejì má baà lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ọmọ tẹ́tẹ́ ti pínyà pẹ̀lú owó. Ẹni tí ó borí ti kó gbogbo ọmọ inú ìdíje sọ́wọ́, síbẹ̀ ìdajì owó ni ó gbà. Ẹni tí ó ṣe ipò kejì kò ní ọmọ kan ṣoṣo mọ́, síbẹ̀ ó gba owó. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ kan lọ́wọ́ ẹni tí ó ní púpọ̀ kò lè níye lórí tó ọmọ kan lọ́wọ́ ẹni tí ó ní díẹ̀. Gbogbo ète tí a ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ìsinsìnyí lọ, inú gbólóhùn kan yìí ni ó ti jáde.

Kì í ṣe kíákíá ni àwọn ọ̀ta mọ ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀. Doyle Brunson, ẹni tí ó borí ìdíje ńlá náà ní 1976 àti ní 1977, tẹ ìwé Super/System jáde ní 1979. Ìwé náà kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn láti máa ṣáájú nínú ìkọlù, kí wọ́n má máa dúró de káàdì tí ó dára kí wọ́n tó gbé apá. Ẹ̀kọ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n eré olówó gidi ni ó gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú ojú ewé rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé ẹ̀kọ́ náà wọ inú ìdíje láìyí i padà yóò jẹ ọmọ púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni yóò jẹ owó.

Ìṣirò tí a yá lọ́wọ́ ẹlẹ́ṣin

Ìṣirò tí ó tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ kò ti ọ̀dọ̀ àwọn atajú-káàdì wá rárá. Ní ọdún 1973, David Harville, onímọ̀ ìṣirò, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí eré ẹṣin. Ohun tí ó ń wá ni bí a ṣe lè mọ àǹfààní tí ẹṣin kan ní láti ṣe ipò kejì tàbí ìkẹta, bí a bá ti mọ àǹfààní rẹ̀ láti ṣe ipò kìíní. Ní ọdún 1987, Mason Malmuth mú irú ìrònú yìí wọ inú póókà nínú ìwé rẹ̀ tí ó pè ní Gambling Theory and Other Topics. Ìlànà náà kò le. Àǹfààní ẹnì kọ̀ọ̀kan láti ṣe ipò kìíní dọ́gba pẹ̀lú ìdá tí ó ní nínú gbogbo ọmọ. Bí a bá yọ ẹni kìíní kúrò, a ó tún pín àǹfààní ipò kejì láàárín àwọn tí ó kù gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọwọ́ wọn ti pọ̀ tó. Bẹ́ẹ̀ ni a ó máa ṣe lọ títí ipò yóò fi tán.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ wò ó. Àwọn mẹ́ta ni ó kù nínú ìdíje kan tí ẹ̀bùn rẹ̀ jẹ́ 100 dọ́là: 50 fún ẹni kìíní, 30 fún ẹni kejì, 20 fún ẹni kẹta. Ẹni àkọ́kọ́ ní ọmọ 5,000, èkejì ní 3,000, ẹ̀kẹta ní 2,000. Òpè yóò rò pé owó wọn jẹ́ 50, 30 àti 20. Ìṣirò náà fi hàn pé iye tí ọmọ ọwọ́ ẹni àkọ́kọ́ tó jẹ́ dọ́là 38 àti sẹ́ǹtì 39, ti èkejì jẹ́ 32 àti sẹ́ǹtì 75, ti ẹ̀kẹta sì jẹ́ 28 àti sẹ́ǹtì 86. Ẹni tí ó ní ìdajì gbogbo ọmọ kò ní ìdajì owó. Ẹni tí ó ní ìdámárùn-ún ọmọ sì ní ju ìdámẹ́rin owó lọ. Wíwà láàyè nínú ìdíje ní iye tirẹ̀, bí ọmọ ọwọ́ ẹni tilẹ̀ kéré.

Fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, ìmọ̀ yìí kò kúrò lọ́wọ́ àwọn díẹ̀ tí ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ìdíje kò pọ̀ tó láti dán an wò. Ẹni tí ó bá ń lọ láti ilé tẹ́tẹ́ kan dé òmíràn lè má rí ju ìwọ̀nba ìdíje díẹ̀ lọ láàárín oṣù kan, oríire tàbí oríbúrúkú a sì máa bo ọgbọ́n mọ́lẹ̀ nínú nǹkan tí kò pọ̀.

Íntánẹ́ẹ̀tì dé

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1998, ilé tẹ́tẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí à ń pè ní Planet Poker pín káàdì olówó gidi fún ìgbà àkọ́kọ́. PartyPoker àti PokerStars tẹ̀lé e ní 2001. Ní ọdún 2003, Chris Moneymaker, akọ̀wé ìṣirò owó kan láti ìpínlẹ̀ Tennessee, wọ ìdíje kékeré kan lórí PokerStars pẹ̀lú owó tí kò tó 100 dọ́là. Ẹ̀bùn ìdíje kékeré náà jẹ́ àyè nínú ìdíje ńlá ti Las Vegas, èyí tí àwọn ẹlòmíràn ń san 10,000 dọ́là láti wọ̀. Nínú ènìyàn 839 tí ó díje níbẹ̀, òun nìkan ni ó ṣẹ́ kù kẹ́yìn. 2,500,000 dọ́là ni ó gbà. Ìròyìn rẹ̀ tàn kálẹ̀. Ní 2004, àwọn tí ó wọ ìdíje ńlá náà di 2,576. Ní 2006, wọ́n di 8,773.

Ohun mẹ́ta ni íntánẹ́ẹ̀tì ṣe sí ète. Èkíní ni pé ó mú eré yá. Ní ilé tẹ́tẹ́, bí ìgbà 30 ni a lè pín káàdì ní wákàtí kan. Lórí ẹ̀rọ, ó lè ju 60 lọ lórí tábìlì kan, ẹnì kan ṣoṣo sì lè jókòó sí tábìlì mẹ́rin tàbí mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìrírí tí àgbà ọ̀ta fi ogún ọdún kó jọ, ọmọdé tí ń gbé yàrá ilé ìwé lè kó o jọ láàárín ọdún méjì. Èkejì ni pé ó mú ojú kúrò nínú eré. Àwọn ọ̀ta àtijọ́ a máa wo ọwọ́ tí ń gbọ̀n àti ojú tí ń sá. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí ojú láti wò. Iye tí ènìyàn fi lélẹ̀ àti ìgbà tí ó fi í lélẹ̀ nìkan ni ó kù. Ẹ̀kẹta ni pé gbogbo nǹkan di àkọsílẹ̀. Ẹ̀rọ ń pa gbogbo ìpín káàdì mọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ sì lè padà lọ kà á, kí ó ṣírò iye ìgbà tí òun àti àwọn ẹlòmíràn jáwọ́ tàbí tí wọ́n kọlù. Bí ojú ti kúrò nínú eré ni ìṣirò gba ipò rẹ̀.

Irú ìdíje kan tún wà tí ó di ilé ẹ̀kọ́ fún gbogbo wọn. Èyí ni ìdíje kékeré oníbi mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá, tí ń bẹ̀rẹ̀ bí tábìlì bá ti kún. Àwọn mẹ́ta ni ó ń gba owó níbẹ̀: 50, 30 àti 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí pé kì í pẹ́ tán, ẹnì kan lè ta ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ láàárín ọdún kan. Níbẹ̀ ni ìṣirò Malmuth ti kúrò nínú ìwé tí ó sì di oúnjẹ òòjọ́.

Ète di ẹ̀kọ́

Àwọn ìwé tuntun jáde láti kọ́ àwọn tí ń rọ́ wọlé. Ní 2002, David Sklansky tẹ ìwé kan jáde lórí ìdíje nìkan. Ẹ̀kọ́ tí ó gbajúmọ̀ jù nínú rẹ̀ ni pé káàdì tí ènìyàn fi ń dáhùn ìkọlù gbọ́dọ̀ dára ju èyí tí ó fi ń kọluni lọ. Ìdí rẹ̀ hàn gbangba: ẹni tí ó kọ́kọ́ kọlù ní ọ̀nà méjì láti jèrè, yálà kí àwọn yòókù jáwọ́ tàbí kí káàdì rẹ̀ borí, ẹni tí ó dáhùn ní ọ̀nà kan ṣoṣo.

Dan Harrington, ẹni tí ó borí ìdíje ńlá ní 1995, tí ó sì tún dé tábìlì ìkẹyìn rẹ̀ ní 2003 àti ní 2004, bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ìwé Harrington on Hold'em jáde ní 2004. Ó kọ́ àwọn ènìyàn láti má ka ọmọ wọn lásán, bí kò ṣe láti fi owó dandan wọ̀n ọ́n. Ẹni tí ó ní ọmọ 6,000 nígbà tí owó dandan jẹ́ 200 àti 400 lè jókòó láìṣe ohunkóhun fún ìyípo tábìlì mẹ́wàá kí ó tó tán. Ìwọ̀n yìí ni ó pè ní M, láti ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ìdílé Paul Magriel. Bí M bá ju 20 lọ, àyè gba gbogbo ọgbọ́n. Bí ó bá wà láàárín 10 àti 20, ó yẹ kí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí yára. Bí ó bá sọ̀kalẹ̀ dé márùn-ún, ohun méjì péré ni ó kù láti ṣe kí a tó ṣí káàdì àárín: kí ó jáwọ́, tàbí kí ó kó gbogbo ọmọ rẹ̀ lé e. Kò sí àyè fún ìlàjì mọ́. Òpè a máa dúró de káàdì tí ó dára títí ọmọ rẹ̀ yóò fi dín kù tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Ọ̀ta a máa kọlù nígbà tí ọmọ rẹ̀ ṣì lè dẹ́rù bani.

Ní ọdún 2007, Peter Bro Miltersen àti Troels Bjerre Sørensen ti Yunifásítì Aarhus ní ilẹ̀ Denmark fi ìṣirò ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Wọ́n yẹ òpin ìdíje kan wò, níbi tí ènìyàn méjì péré kù, tí ọmọ wọn lápapọ̀ jẹ́ 8,000, tí owó dandan sì jẹ́ 300 àti 600. Wọ́n fi hàn pé ẹni tí kò bá ṣe ju kí ó jáwọ́ tàbí kí ó kó gbogbo rẹ̀ lé e, tí ó sì ń ṣe é ní ìwọ̀n tí ó yẹ, kò pàdánù ju kékeré lọ sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni, bí ọgbọ́n ẹni náà ti wù kí ó pọ̀ tó.

Ṣùgbọ́n ibi tí ète ìdíje ti yàtọ̀ jù lọ sí ti eré olówó gidi ni ẹnu ààlà ẹ̀bùn, níbi tí ẹnì kan ṣoṣo kù kí ó jáde kí àwọn yòókù tó di ẹni tí ń gba owó. Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìdíje 50, 30 àti 20. Àwọn mẹ́rin ni ó kù, ọmọ 2,500 sì wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Iye tí ọmọ ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan tó jẹ́ 25 dọ́là. Bí ẹnì kan bá kó gbogbo ọmọ rẹ̀ lélẹ̀, tí ẹlòmíràn sì dá a lóhùn, ẹni tí ó bá borí yóò ní ọmọ 5,000. Ọmọ rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n iye rẹ̀ kò di 50 dọ́là. 38 àti sẹ́ǹtì 33 ni. Ẹni tí ó pàdánù lọ lọ́wọ́ òfo. Àwọn méjì tí ó jókòó wò wọ́n ni ó pín ìyókù: ti ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn kúrò ní 25 ó di 30 àti sẹ́ǹtì 83, láìfọwọ́ kan nǹkankan. Àwọn Yorùbá ní ìjà kò dọlà, orúkọ ní í sọni. Ní ẹnu ààlà, àwọn òǹwòran ni ìjà ń sọ di olówó.

Láti inú èyí ni òfin tí ó dàbí ẹ̀tàn fún àlejò ti jáde. Nínú eré olówó gidi, ẹni tí ó bá ní àǹfààní 51 nínú ọgọ́rùn-ún lè dáhùn ìkọlù. Ní ẹnu ààlà tí a sọ yìí, bí a bá yọ owó dandan kúrò nínú ìṣirò, ó gbọ́dọ̀ ní ju 65 lọ kí ó tó dáhùn. Éèsì ni káàdì tí ó ga jù, ọba ni ó tẹ̀lé e. Ẹni tí éèsì àti ọba tí àwòrán wọn yàtọ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó sì dojú kọ káàdì èyíkéyìí tí ó bá ṣáà bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tá, kò ní ju nǹkan bí 65 náà lọ. Nítorí náà, káàdì tí òpè yóò fi ìdùnnú kó gbogbo ọmọ rẹ̀ lé, ọ̀ta lè rọra gbé e sílẹ̀. Ẹ̀wẹ̀, nítorí pé gbogbo ènìyàn ló ní ìdí láti jáwọ́, ẹni tí ọmọ rẹ̀ pọ̀ jù tí ó sì kọ́kọ́ kọlù lè máa gba owó dandan àwọn yòókù láìsí ìdíwọ́. Ìbẹ̀rù kan náà ni ó sọ ìdáhùn di òmùgọ̀, tí ó sì sọ ìkọlù di ọgbọ́n.

Ètò ẹ̀bùn ni ó ń sọ ète. Nínú ìdíje kékeré bí èyí tí Moneymaker wọ̀, bí ẹ̀bùn bá jẹ́ àyè mẹ́wàá tí gbogbo wọn dọ́gba, tí ènìyàn 11 sì kù, ẹni tí ọmọ rẹ̀ pọ̀ jù yóò jáwọ́ níwájú olówó ọmọ mìíràn bí éèsì méjì tilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé kò sí ohun tí ọmọ púpọ̀ tún lè rà fún un. Nínú irú ìdíje mìíràn tí ó wọ́pọ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n fi owó lé orí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá lé ọmọnìkejì jáde ni ó ń gba owó orí rẹ̀. Níbẹ̀, ó yẹ kí ènìyàn dáhùn ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí pé ìjà ti ní owó tirẹ̀ nínú. Ẹni tí kò bá ka ètò ẹ̀bùn kí ó tó jókòó kò tíì mọ eré tí ó ń ta.

Ìjọba àti ẹ̀rọ

Kò pẹ́ tí ìjọba fi dá sí i. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2006, Amẹ́ríkà ṣe òfin tí ó kọ̀ fún àwọn báńkì láti máa gbé owó fún tẹ́tẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò bá òfin mu. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 2011, ìjọba náà gbé ẹjọ́ dìde sí àwọn tí ó ni ilé tẹ́tẹ́ mẹ́ta tí ó tóbi jù, wọ́n sì gba ojúlé wọn orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ará Amẹ́ríkà tí owó wọn wà lọ́dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn ilé náà dúró títí di 2014 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí rí i gbà. Àwọn tí ó ti kọ́ pé ọmọ tẹ́tẹ́ kì í ṣe owó wá kọ́ ẹ̀kọ́ kejì tí ó korò jù ú lọ: owó tí a kọ sójú ẹ̀rọ pàápàá kì í ṣe owó títí yóò fi dé ọwọ́.

Nígbà náà, ẹ̀rọ ti ń kọ́ bí a ṣe ń ta póókà. Ìmọ̀ náà pẹ́. John von Neumann ti kọ ìwé lórí ìṣirò eré ní 1928; nínú ìwé ńlá tí òun àti Oskar Morgenstern tẹ̀ jáde ní 1944, ó fi hàn pé ìhalẹ̀ kì í ṣe ìwà èké lásán, bí kò ṣe ohun tí ìṣirò ń béèrè. Ẹni tí kì í halẹ̀ rárá, gbogbo ènìyàn yóò jáwọ́ nígbà tí káàdì rẹ̀ bá dára, kò sì ní jèrè. Ohun tí ó kù ni agbára láti ṣírò gbogbo rẹ̀. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Alberta ní ilẹ̀ Kánádà kéde pé kọ̀ǹpútà wọn ti yanjú irú Hold'em kan tí ènìyàn méjì ń ta, tí iye tí a lè fi lélẹ̀ ní ààlà. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, ẹ̀rọ Libratus tí Noam Brown àti Tuomas Sandholm ti Yunifásítì Carnegie Mellon ṣe, bá àwọn ọ̀ta mẹ́rin ta irú èyí tí kò ní ààlà ní ìlú Pittsburgh. Ìgbà 120,000 ni wọ́n pín káàdì láàárín 20 ọjọ́, ẹ̀rọ sì borí. Ní 2019, Pluribus borí ní tábìlì ènìyàn mẹ́fà.

Ó yẹ kí a kíyè sí ohun kan nínú àwọn ìṣẹ́gun wọ̀nyí. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá pín káàdì fún Libratus tàbí Pluribus, wọ́n a dá ọmọ gbogbo ènìyàn padà sí iye kan náà. Kò sí ẹnu ààlà, kò sí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń tán lọ, kò sí ẹ̀bùn ìkẹta. Eré tí ọmọ jẹ́ owó ni ẹ̀rọ ti kọ́kọ́ borí. Ìdíje ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ìṣirò tí a yá lọ́wọ́ ẹlẹ́ṣin kò pé. Kò mọ ẹni tí ó gbọ́n ju ẹnìkejì lọ, kò sì mọ ẹni tí owó dandan yóò kàn ní ìpín tí ń bọ̀. Síbẹ̀, lẹ́yìn 2015, ẹ̀rọ ìṣirò irú èyí di ohun tí ẹnikẹ́ni lè rà sílé, wọ́n sì so ìlànà Malmuth mọ́ ọn. Ohun tí ọ̀ta kan ń fi pamọ́ bí oògùn ní 1990 ti di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń há sórí.

Ohun tí ìmọ̀ náà ná

Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ti ilé tẹ́tẹ́ pa, wọ́n ta ìdíje ńlá kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìgbà 5,802 ni àwọn ènìyàn san owó ìwọlé, ẹ̀bùn rẹ̀ sì lé ní 27,000,000 dọ́là. Stoyan Madanzhiev, ará Bùlùgéríà, ni ó borí, tí ó gba ohun tí ó lé ní 3,900,000. Irú ìròyìn yìí ni ó ń fa ojú ènìyàn mọ́ra, gẹ́gẹ́ bí ti 2003. Ṣùgbọ́n eré 2020 kì í ṣe eré 2003 mọ́. Ní 2003, ẹni tí ó bá ka ìwé méjì ti ju ọ̀pọ̀ àwọn tí ó bá a jókòó lọ. Bí ìwé ti ń tàn kálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àǹfààní rẹ̀ ń dín kù. Ọgbọ́n tí gbogbo ènìyàn mọ̀ kì í mú èrè wá mọ́. Ó kàn di ohun tí ènìyàn gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ó má baà tètè pàdánù ni.

Ẹ̀wẹ̀, ilé tẹ́tẹ́ a máa yọ owó tirẹ̀ nínú ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan san kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, owó tí gbogbo àwọn tí ń ta jọ gbà kò lè tó owó tí wọ́n jọ san. Kò sí ète tí ó lè yí èyí padà. Èrè ọ̀ta kan, àdánù àwọn òpè púpọ̀ ni. Ọ̀ta pàápàá kì í rí owó gbà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ìdíje tí ó bá wọ̀, nítorí pé ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn tí ó wọlé ni à ń sanwó fún. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọṣẹ́ fi ń ya owó sọ́tọ̀ tí ó tó san ìwọlé ọgọ́rùn-ún ìdíje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọn kì í sì í fi owó oúnjẹ wọ ìdíje kankan. Nínú gbogbo ète tí ìtàn yìí mẹ́nu kàn, èyí nìkan ni kò béèrè ìṣirò, òun sì ni òpè kì í fẹ́ gbọ́.

Ìṣòro tuntun tún dé pẹ̀lú ẹ̀rọ. Nínú ayò, ẹni tí ń wò lẹ́yìn lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ni yóò gbọ́ ohun tí ó sọ. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tí ó jókòó nìkan nínú yàrá lè ṣí ẹ̀rọ ìṣirò sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, kí ó máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ohun tí yóò ṣe. Àwọn ilé tẹ́tẹ́ ka èyí léèwọ̀, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ, ṣùgbọ́n ojú tí ó ti kúrò nínú eré láti 1998 kò rọrùn láti dá padà. Òpè tí ó san owó rẹ̀ wọlé kò lè mọ̀ dájú bóyá ènìyàn ni ó ń bá òun ta.

Láti 1978 títí di òní, ìbéèrè kan náà ni àwọn ọ̀ta ìdíje ń dáhùn: èló ni ọmọ tí ó wà níwájú mi yìí, fún mi, ní ìsinsìnyí? Àwọn ti ìgbà àkọ́kọ́ fi inú dáhùn rẹ̀, àwọn ti ìgbà kejì fi ìwé, àwọn ti òde òní fi ẹ̀rọ. Ìdáhùn wọn ti dára sí i ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kò sí ìgbà kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ìdáhùn náà kan ẹni tí ó ti fi owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ wọlé. Iye tí ọmọ tẹ́tẹ́ tó lọ́wọ́ onítọ̀hún, kò sí nínú ìṣirò Malmuth.